Orí Keje: Rẹsísítọ̀, Báyáàsì àti Ìdápadà nínú Áńpìlífáyà Gìtá Onítúùbù

Ẹni tí ó bá ṣí ẹ̀yìn áńpìlífáyà gìtá onítúùbù fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun ńláńlá inú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé: tiransifọ́mà tí ó wúwo lọ́wọ́, túùbù onígíláàsì tí iná inú rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àti sípíkà gbàgàdà tí í ké pe ará ilé, tí í ké pe ará oko, ṣùgbọ́n àwọn rẹsísítọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju oríkèé ìka lọ, tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sàmì sí lára, ni kò ní kà sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí fún wa pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn ohun kékeré wọ̀nyí ni ó ń pinnu bí túùbù yóò ti dúró nígbà tí a kò tí ì ta okùn gìtá, àwọn kan náà ni ó sì ń pinnu iye ìró tí a óò dá padà sẹ́yìn láti ẹnu sípíkà kí ó lè ṣàkóso èyí tí ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin nínú orí yìí ni pé iṣẹ́ méjèèjì, báyáàsì àti ìdápadà, kò ṣeé yà sọ́tọ̀ pátápátá, nítorí rẹsísítọ̀ tí ń ṣe ọ̀kan kì í ṣe é kí ó má fọwọ́ ba èkejì.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Iná tí ó ju 400 V lọ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, àwọn kapásítọ̀ ńlá inú wọn a sì máa di iná náà mú lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi rẹsísítọ̀ tú iná náà sílẹ̀, kí ó sì fi mítà wò ó pé ó ti tán, kí ó tó ti ìka bọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó jókòó ti olùkọ́ rẹ̀ títí yóò fi lè ṣe é.

Bí rẹsísítọ̀ ti ń gbé báyáàsì kalẹ̀

Nínú túùbù, kátóòdù ni ó ń gbóná tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń jáde lára rẹ̀, pílétì ni ó ń fà wọ́n mọ́ra, gíríìdì sì dúró láàárín àwọn méjèèjì bí oníbodè tí í wo ẹni tí yóò kọjá àti ẹni tí yóò padà sẹ́yìn. Bí gíríìdì bá wà ní òdì púpọ̀ sí kátóòdù, oníbodè ti ti ìlẹ̀kùn. Bí òdì rẹ̀ bá kéré jù, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìṣàn iná á pọ̀, pílétì á sì gbóná kọjá ohun tí ara rẹ̀ lè gbà. Báyáàsì ni ìwọ̀n òdì tí a gbé ka gíríìdì nígbà tí ìró kankan kò tí ì wọlé, kí ìró gìtá, nígbà tí ó bá dé, lè rí àyè lọ sókè kí ó sì rí àyè bọ̀ wá sílẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó rọrùn jù lọ láti rí òdì yìí ni kí a fi rẹsísítọ̀ ńlá so gíríìdì mọ́ ilẹ̀, kí a sì fi rẹsísítọ̀ kékeré sí abẹ́ kátóòdù. Ìṣàn iná tí ń gba inú túùbù kọjá kò ní ọ̀nà mìíràn ju inú rẹsísítọ̀ kékeré yìí lọ, bí ó sì ti ń kọjá ni yóò máa gbé kátóòdù ga ju ilẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm ti là á sílẹ̀ pé ìṣàn tí a fi ìdènà sọ di púpọ̀ ni ó ń fún wa ní ipá iná. Nígbà tí kátóòdù bá sì ti ga ju ilẹ̀ lọ, gíríìdì tí ó jókòó ní ìpele ilẹ̀ ti di òdì sí i nìyẹn, láìjẹ́ pé a fi òdì kankan ránṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú Champ 5F1, ẹ̀rọ kékeré tí ilé-iṣẹ́ Fender ṣe ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, tí ó ní túùbù agbára kan ṣoṣo, 6V6. Rẹsísítọ̀ 470 Ω ni ó wà lábẹ́ kátóòdù túùbù yìí. Bí mítà bá ka 19 V lórí rẹ̀, a ó pín 19 sí ọ̀nà 470, ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 0.040, èyíinì ni 40 mA. Bí a bá yọ nǹkan bí 3 mA tí gíríìdì kejì, èyí tí túùbù agbára ní láàárín gíríìdì àkọ́kọ́ àti pílétì, ń gbà kúrò, 37 mA ni ó ń dé pílétì. Bí ipá tí ó wà láàárín pílétì àti kátóòdù bá jẹ́ 310 V, ooru tí pílétì ń gbé jẹ́ nǹkan bí 11.5 W. Àwọn ìwé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nípa 6V6 fi 12 W ṣe òpin fún un, nítorí náà túùbù yìí ń ṣiṣẹ́ ní etí òpin agbára rẹ̀, bí ó sì ti yẹ kí túùbù tí ń dá ṣe iṣẹ́ láìní ẹnìkejì ṣe nìyẹn.

Ẹni tí ó bá yọ 470 Ω yìí kúrò tí ó fi 330 Ω rọ́pò rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn sí i; ooru yóò kọjá òpin, túùbù yóò sì gbó ṣáájú ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi 680 Ω síbẹ̀ ti tì í díẹ̀. Túùbù yóò tutù, yóò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ìró kò ní ní àyè tó ní ìsàlẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò sì tètè gé kí èkejì tó gé. Síbẹ̀ ìyípadà tí ó bá ìṣàn kì í tó èyí tí ó bá rẹsísítọ̀. Bí ìṣàn bá fẹ́ pọ̀ sí i, kátóòdù á ga sí i. Bí kátóòdù bá ga sí i, òdì gíríìdì á pọ̀ sí i. Bí òdì bá sì pọ̀ sí i, ìṣàn á padà sílẹ̀. Ohun tí ó jáde ni ó padà wá kọ́ ohun tí ń wọlé ní ìwọ̀n. Ìdápadà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé báyáàsì nìkan ni a rò pé a ń ṣe! Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ orí yìí wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ṣe fò ó kọjá.

Ohun kan kù nípa rẹsísítọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: ooru tirẹ̀ náà. 19 V tí a fi 0.040 A sọ di púpọ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.76 W, nítorí náà rẹsísítọ̀ tí a ṣe fún ìdajì W yóò jóná níbẹ̀, a kì í sì í lo èyí tí kò tó 2 W bí a bá fẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí túùbù méjì tàbí mẹ́rin bá jọ ń lo rẹsísítọ̀ kan, ìṣirò náà yí padà. Deluxe 5E3 ní 6V6 méjì lórí 250 Ω kan ṣoṣo. Nítorí pé ìṣàn àwọn méjèèjì ni ó ń gba inú rẹ̀, ó rí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pé 500 Ω ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. AC30 ti Vox, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní Dartford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó EL84 mẹ́rin sórí 50 Ω, tí í ṣe 200 Ω fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá kú, ìṣàn inú rẹsísítọ̀ á dín kù, kátóòdù á rẹlẹ̀, àwọn mẹ́ta tí ó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, tí ikú ọ̀kan yóò fi di ikú gbogbo wọn bí a kò bá tètè pa ẹ̀rọ náà.

Túùbù tí ń gba ìró láti ẹnu gìtá

Túùbù kékeré tí ìró gìtá ń kọ́kọ́ bá pàdé, tí ó sábà máa ń jẹ́ 12AX7 (túùbù méjì nínú ìgò kan), ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ jù ni 100 kΩ lórí pílétì àti 1.5 kΩ lábẹ́ kátóòdù. Bí iná tí ń bọ́ ọ bá jẹ́ 250 V, ìṣàn rẹ̀ máa ń súnmọ́ 0.9 mA, kátóòdù á sì wà ní nǹkan bí 1.3 V. Ní ẹ̀gbẹ́ 1.5 kΩ yìí, a sábà máa ń rí kapásítọ̀ 25 µF, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí ọ̀nà àbùjá fún ìró kí ìró má baà gba inú rẹsísítọ̀, nígbà tí báyáàsì, tí kì í mì, ń gba ibẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú pẹ́ńsùlù. Túùbù yìí lè sọ ìró di ìlọ́po 100 bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 62.5 kΩ. Bí kapásítọ̀ bá wà níbẹ̀, ìlọ́po tí a rí ni 100 tí a fi 100 sọ di púpọ̀, tí a pín sí ọ̀nà 162.5, tí í ṣe nǹkan bí 61. Bí a bá yọ kapásítọ̀ náà kúrò, tí a kò sì fọwọ́ kan rẹsísítọ̀ rárá, 1.5 kΩ yóò wọ inú ìṣirò ní ìlọ́po 101, ìyẹn 151.5 kΩ, 162.5 yóò di 314, ìlọ́po ìró yóò sì já wálẹ̀ sí 32. Báyáàsì kò yí padà, mítà ṣì ń ka 1.3 V, ṣùgbọ́n ìdajì ìró ti lọ, nítorí pé rẹsísítọ̀ tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ báyáàsì nìkan ti gba iṣẹ́ ìdápadà kún un. Ìró tí ó kù á mọ́, á sì tẹ́jú.

Láàárín kí kapásítọ̀ wà àti kí ó má sí, ọ̀nà kẹta wà. Nínú áńpìlífáyà Marshall ti apá ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n fi 2.7 kΩ àti kapásítọ̀ 0.68 µF sí abẹ́ kátóòdù ẹnu tí ó ń dún ketekete. Ìró tí ó ga ju nǹkan bí 87 Hz lọ ni kapásítọ̀ kékeré yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀nà fún. Ohùn okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá, tí ó wà ní 82 Hz, sì wà ní ẹnu ọ̀nà gan-an. Ohùn ìsàlẹ̀ ń gba ìdápadà, ohùn òkè kò gbà á, ohùn gìtá á sì yọ láàárín ìlù àti báàsì. Nínú 2204, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fi 10 kΩ láìní kapásítọ̀ sí abẹ́ túùbù kan, èyí tí ó tì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kù díẹ̀ kí ìlẹ̀kùn pa dé. Ìró tí ó bá le á gé ní apá kan kíá, ohùn á sì ya. Àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń wá, ohùn yíya yìí sì di ohun tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì kárí ayé ń ra ẹ̀rọ náà fún.

Báyáàsì tí kò ti inú túùbù wá

Nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, rẹsísítọ̀ kátóòdù ń jẹ agbára tí a nílò, nítorí náà a máa ń so kátóòdù mọ́ ilẹ̀, a ó sì fi òdì ránṣẹ́ sí gíríìdì láti ibòmíràn. Bassman 5F6-A, tí Fender ṣe láti 1958 títí di 1960, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. 15 kΩ ni òdì náà ń gbà wọlé, 56 kΩ ni ó fi bọ́ sí ilẹ̀. Bí a bá sọ 56 di ńlá, òdì á pọ̀, túùbù á tutù. Bí a bá sọ ọ́ di kékeré, òdì á dín kù, túùbù á gbóná. Òmìnira tí báyáàsì onírẹsísítọ̀ kátóòdù ní láti kọ́ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n kò sí níbí mọ́. Àṣìṣe ẹni tí ó yan rẹsísítọ̀ náà ni túùbù yóò máa jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó dára jù láti mọ bí túùbù bá ti dúró ni kí a fi rẹsísítọ̀ 1 Ω sáàárín kátóòdù àti ilẹ̀, nítorí pé iye mV tí mítà bá kà lórí rẹ̀ ni iye mA tí ń ṣàn. Túùbù 5881 tí Bassman náà ń lò ní òpin 23 W. Àwọn oníṣẹ́ sì gbà pé kí ó má kọjá ìdá 70 nínú 100, tí í ṣe 16 W. Lórí 430 V, ìyẹn jẹ́ 37 mA.

Rẹsísítọ̀ 220 kΩ tí ń gbé òdì yìí dé gíríìdì pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ tí ó kù nínú túùbù tí ó ti gbó máa ń jẹ́ kí ìṣàn kékeré gba ara gíríìdì. Bí ó bá jẹ́ 1 µA, 220 kΩ yóò sọ ọ́ di 0.22 V tí yóò jẹ nínú òdì. Túùbù á gbóná sí i, ìṣàn gíríìdì á pọ̀ sí i, òdì á tún dín kù, títí pílétì yóò fi pọ́n. Ìdí nìyí tí ìwé àwọn tí ó ṣe 6L6GC, ẹbí kan náà pẹ̀lú 5881, fi ní kí ìdènà yìí má ju 100 kΩ lọ nígbà tí òdì bá ń ti ibòmíràn wá, ṣùgbọ́n tí wọ́n gba 500 kΩ láyè bí rẹsísítọ̀ bá wà lábẹ́ kátóòdù tí ó lè dá ìṣàn padà. Fender ré ìmọ̀ràn náà kọjá, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn sì wà láàyè títí di òní. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń tún wọn ṣe kò gbọdọ̀ tún fi kún un.

Ìdápadà láti ẹnu sípíkà

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1927, Harold Black, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Laboratories, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kọjá odò Hudson lọ sí New York, níbi tí ọgbọ́n náà ti sọ sí i lọ́kàn pé bí a bá mú díẹ̀ nínú ohun tí ó jáde láti inú áńpìlífáyà, tí a yí i sódì, tí a sì dá a padà sí ẹnu ọ̀nà, àléébù tí ẹ̀rọ náà fi kún ìró yóò pa ara rẹ̀ run. Ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kọ ìṣirò náà sí. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó wá ọgbọ́n yìí fún, kì í ṣe gìtá, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni: ìlọ́po tí ó kù ni ìlọ́po àkọ́kọ́ tí a pín sí ọ̀nà 1 pẹ̀lú ìlọ́po àkọ́kọ́ tí a fi ìdá tí a dá padà sọ di púpọ̀.

Nínú Bassman, 27 kΩ ni ó ń gbé ìró láti ẹnu sípíkà 2 Ω wá sórí rẹsísítọ̀ yíyí 5 kΩ tí a kọ Presence sí lára. Ìdá tí ń padà ni 5 tí a pín sí ọ̀nà 32, nǹkan bí 0.156. Ká ní ìlọ́po láti ibẹ̀ dé ẹnu sípíkà jẹ́ 7. 7 tí a fi 0.156 sọ di púpọ̀ jẹ́ 1.09, tí a bá fi 1 kún un ó di 2.09, ìlọ́po 7 yóò sì di nǹkan bí 3.3. Àwọn tí ó fi 100 kΩ rọ́pò 27 kΩ, gẹ́gẹ́ bí Marshall ti ṣe nígbà tí ó yá, mú ìdá náà wá sí 0.048, ìlọ́po sì padà sókè sí 5.2. Ẹ̀rọ náà á pariwo sí i, á sì tètè ya.

Ṣùgbọ́n iye rẹsísítọ̀ nìkan kò tó, a ní láti mọ ẹnu tí ó ti ń mú ìró. Nígbà tí Ken Bran àti Dudley Craven ń ṣe JTM45 fún Jim Marshall ní Hanwell ní ìwọ̀-oòrùn London, Bassman yìí ni wọ́n ń wò, 27 kΩ kan náà ni wọ́n sì lò. Ṣùgbọ́n sípíkà tí ó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ti 2 Ω. Fún agbára kan náà, ipá iná orí ẹnu 16 Ω jẹ́ ìlọ́po 2.8 ti orí ẹnu 2 Ω. Nítorí náà, 27 kΩ tí a so mọ́ 16 Ω máa ń dá ìró padà ní ìlọ́po 2.8 iye ti àkọ́kọ́, 2.09 inú ìṣirò wa á sì di nǹkan bí 4.1. Ẹni tí ó bá da iye rẹsísítọ̀ kọ láìwo tiransifọ́mà ti da ìdajì ọ̀rọ̀ kọ ni.

Ìdápadà a tún máa mú sípíkà dúró. Ìró kan wà, tí ó sábà máa ń wà láàárín 75 sí 100 Hz, tí sípíkà gìtá fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa mì sí, tí kì í sì í fẹ́ dákẹ́ lórí rẹ̀; áńpìlífáyà tí ìdápadà rẹ̀ pọ̀ a máa kì í wọ̀, èyí tí kò ní, bí 5E3 àti AC30, a máa fi í sílẹ̀ kí ó ṣe bí ó ti fẹ́. Lójú tèmi, gìtá jùjú tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ ń dún pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó ń sọ láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, nílò ẹ̀rọ onídàápadà, nítorí ibi tí ohùn bá ti wú tí ó sì ya, ọ̀rọ̀ gìtá kan á bo ti èkejì mọ́lẹ̀. Olórin bùlúùsì tí gìtá rẹ̀ nìkan ń sunkún lè má fẹ́ ìdápadà rárá, kò sì jẹ̀bi.

Presence tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní kapásítọ̀ 0.1 µF lára, tí ń da ohùn òkè sí ilẹ̀ kí ó má baà padà sẹ́yìn. Ohun tí kò padà sẹ́yìn kò ní ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́, nítorí náà ohùn òkè á ta jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá so tiransifọ́mà tuntun tí ẹ̀rọ sì ké rara bí a ti tan iná, ìdápadà kò sódì mọ́, ó ti ń ti ìró lẹ́yìn. Kí ó pa á kíá, kí ó sì pààrọ̀ wáyà pílétì méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Champ 5F1, nítorí ibẹ̀ ni báyáàsì àti ìdápadà ti pàdé lójú kan. 22 kΩ ń mú ìró láti ẹnu sípíkà bọ̀ wá sórí 1.5 kΩ tí ó wà lábẹ́ kátóòdù ìdajì kejì 12AX7, tí kò ní kapásítọ̀. 1.5 kΩ yìí ń gbé báyáàsì, ó ń ṣe ìdápadà tirẹ̀ nítorí àìsí kapásítọ̀, ó sì tún ń gba ìdápadà láti ọ̀nà jíjìn. Wáyà tiransifọ́mà tí ó lọ sí sípíkà kò ní ìdènà tí ó tó nǹkan, nítorí náà 22 kΩ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ 1.5 kΩ lọ sí ilẹ̀, ohun tí kátóòdù sì rí ní tòótọ́ jẹ́ nǹkan bí 1.4 kΩ. Gbogbo aláǹgbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: rẹsísítọ̀ kábọ́ọ̀nù àtijọ́ a máa ga sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún láìyí àwọ̀ padà, nítorí náà mítà ni kí a fi mọ̀ wọ́n.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹnìkan fi àṣìṣe jó 2.2 kΩ mọ́ ibi tí 22 kΩ yẹ kí ó wà nínú Champ yìí. Kí ó ṣírò ìdènà tí kátóòdù yóò rí báyìí, kí ó sọ bóyá ìdajì túùbù náà yóò gbóná sí i tàbí yóò tutù sí i, kí ó ṣírò ìdá ìró tí ń padà láti ẹnu sípíkà, kí ó sì kọ ohun tí olórin yóò gbọ́ nígbà tí ó bá ta okùn.